Àáró Oko Inú Ike

Mo rántí ìgbà tí mò ń ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè ní Port Harcourt, tí à ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní D-Line, níbi tí ènìyàn kò ti lè rí ilẹ̀ gbin ata. Ọsàn mẹ́ta ni mo gbìn sínú ike ọ̀dà lórí bákónì, irú ọsàn kúkúrú tí kì í ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ tó ń so. Nígbà tí ọ̀kan so èso mélòó kan, mo ń fi han àlejò bí ẹni tó bí ìbejì.

Ìyàwó mi ló fi ọ̀rọ̀ náà dápàárá fún bàbá mi lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ti di àgbẹ̀ o! Oko ọsàn ló dá." Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá ní ìhà Oǹdó, láti ọjọ́ tí mo sì ti pa oko tì ni inú wọn kò ti dùn sí mi tán. Wọ́n ròyìn oko mi káàkiri ìlú. Kí a tó mọ bí a ó ṣe ṣàlàyé, Bàbá ti dé, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣe àáró, tí wọ́n máa ń ro oko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oko mi ló wá kàn.

Ìyá onílé wa, ọmọ Ikwerre, rí àgbà mẹ́ta tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn tàdátàdá, ló bá figbe ta. "Ewoo! Oga Customs, who dem wan kill?"

"Mama, na orange dem come weed."

Wọ́n rí ike mẹ́ta náà. Mo mọ̀ pé mo ti dójú ti Bàbá níwájú ẹgbẹ́ wọn yìí. Bàbá wo ike, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ike.

"Wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà," ni Bàbá wí. "Èyí ní ààlà dáadáa."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ṣóńṣó àdá hú koríko kan. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn náà bẹ̀rẹ̀, ike kan sí ẹnì kan. Kí omi iyán tó hó, oko ti mọ́. Wọ́n wá jẹ iyán náà bí ẹni tó ti ń kọ ebè láti òwúrọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá fọwọ́, tó sì wí pé, "Ọmọ wa, a ti ro tìrẹ. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wá ro tiwa?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in.

Bí mo ṣe gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn tí mo lọ ro oko kòkó mẹ́ta. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Àwọn àgbà náà jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń tọ́ka sí koríko tí mo fò. Oko Bàbá ni mo ro kẹ́yìn. Bí mo ṣe parí rẹ̀, wọ́n gba àdá lọ́wọ́ mi, wọ́n nù ún mọ́ ṣòkòtò wọn, wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí yóò gbé ọ dé oko yìí."

Bàbá ti lọ báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí. Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó sì ti pẹ́ tó ti wá sílé. Lánàá ló sọ fún mi lórí fóònù pé òun gbin ata sínú ife kan lójú fèrèsé.

Mo ti ń pọ́n àdá Bàbá.