Ìrẹsì Àwọn Méjèèjì

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wò mí dáadáa, egungun ló kù. Mo jowú lọ́dún yẹn, mi ò ní purọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ kúrò n'Íbàdàn wá kàwé ní Calgary ní Kánádà, a sì jọ gba basement kan ní àdúgbò Copperfield. Láti yunifásítì nílé la ti ń wọ bàtà ara wa, tí à ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan láti Indonéṣíà wá gba yàrá kẹta.

Ọmọ náà níwà, ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù nìyẹn. Mi ò rí ibi tí mo lè gbà bú u. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè rẹ̀. Tí mo bá wọ kíṣìnì, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á máa tọ́ka sí nǹkan. Rumah saya, ilé mi. Ibu saya, ìyá mi. Inú ọ̀rẹ́ mi ń dùn ṣìnkìn. Ó ní àwọn náà máa ń dárúkọ nǹkan kí wọ́n tó dárúkọ ẹni tó ni ín, bíi tiwa gẹ́lẹ́, wọn ò ṣe bíi ti Òyìnbó. Ó ní "tiwa" wọn tiẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì: punya kita ni tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ bá wà lára wa, punya kami ni tí kò bá sí níbẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Inú mi ń hó.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ṣí fíríìjì. Ike ìrẹsì ńlá kan ló wà níbẹ̀, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn: punya kami. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ ọ́, mo mọ bó ṣe ń kọ̀wé. Àwa mẹ́ta péré la sì wà nínú ilé. Ta wá ni wọ́n ń bá wí?

Ebi ò pa mí o. Mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì náà tán, mo sì fọ ike rẹ̀.

Àṣé àwọn méjèèjì ló jọ sè é, òun sì ni oúnjẹ tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ní warehouse kan ní Foothills Industrial, níbi tó ti ń fi wákàtí méjìlá kó ẹrù. Ebi ló fi ṣiṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Kó tó dé, mo ti to ẹjọ́ mi sílẹ̀: èèyàn wo ló ń lẹ bébà mọ́ oúnjẹ nílé tiwa? Mo ń retí kó pè mí ní alájẹkì, ká jà, ká sì parí ẹ̀ bá a ṣe máa ń ṣe. Kò bú mi. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:

"Jọ̀ọ́, tó o bá fẹ́ mú nǹkan mi, máa bi mí kó o tó mú un."

Mo ní mo ti gbọ́. Látìgbà náà, mo máa ń bi í. Lánàá, mo bi í bóyá mo lè bu iyọ̀. Ó ní kí n bù ú.