Bọ́ọ̀lù Irin Kan

Òórùn ọ́ìlì jíà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Àkúrẹ́ ló dá mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Oǹdó. Bàbá mi tú jíà ògbólógbòó ọkọ̀ wa sórí ẹní, ó ń fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Tó bá tò ó tán, màmá mi yóò fi ọkọ̀ náà kó lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ lọ. Mo di bọ́ọ̀lù irin kékeré kan mọ́wọ́.

“Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ ti parí?” Màmá béèrè láti ilé ìdáná.

“Ó ku ẹyọ kan tí mi ò rí.”

Bàbá wo abẹ́ ẹní. Ó wo ọwọ́ mi tí ọ́ìlì ń kán níbẹ̀. Ó tún wo abẹ́ ẹní.

Inú mi dùn pé kò fura. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé àwa méjèèjì la fi bọ́ọ̀lù yẹn pamọ́.