Ìwọ́de tí mo ṣe lòdì sí àlejò ilé wa

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí Kwabena, olórí ẹgbẹ́ wa, gbé gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ títì Ayigya, ní Kumasi, Gánà. Èmi ni wọ́n yàn láti ka ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ní ohùn mi dùn jù, àti pé Twi, èdè àwọn ará ibí, mọ́ gaara lẹ́nu mi.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ó ṣe ìwọ́de tiyín lọ́la, àti fún àwọn àgbà tó ti ṣe é rí. Kò pẹ́ tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, n kò sì tíì ríṣẹ́. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé ọkàn mi kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè mí lójijì, àyà mi á já. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, àyà mi kò já. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí di òní nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ló mú wa jáde. Ìlú náà ń lé àwọn àjèjì tí kò fẹ́ mọ́. Àwọn tí kò lè dá padà sí ìlú wọn, ó ń wá ìlú mìíràn tí yóò gbà wọ́n. Ìlú wa gbà. Ó dùn wá. A ní báwo ni orílẹ̀-èdè tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe máa di èèyàn lọ́wọ́, tí yóò wá kó wọn dà sílẹ̀ fún wa bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò rà? A ní nítorí físà àti owó orí ọjà tó wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ni àwọn alákòóso wa kò ṣe lè sọ pé rárá. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ nígbà tí mo kọ ọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó wá ń gbé nínú ilé wa.

Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́lù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Ó jẹ́rìí ní kóòtù nígbà kan lòdì sí àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó sì sá lọ sí Amẹ́ríkà. Adájọ́ kan níbẹ̀ sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá a padà sí Nàìjíríà. Wọn kò dá a padà lóòótọ́. Wọ́n gbé e wá sí Gánà. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní Àkrá, ìyá rẹ̀ fi fóònù pe àwọn àgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kumasi. Ìyá mi àgbà sì ní yàrá kan tó ṣófo nínú ilé wa ní àdúgbò Sawaba. Kò béèrè ju orúkọ baba rẹ̀ lọ kó tó ní kí wọ́n gbálẹ̀ yàrá náà.

Ní alẹ́, Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́lù máa ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà fún wa.

"Àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú. Àwọn ọmọ wọn á sanwó, ṣùgbọ́n wọn kì í wá. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, inú mọ́tò rẹ̀ ló ń sùn, torí owó ilé ju agbára rẹ̀ lọ. Ọmọ mi, wọ́n ń kọ́ ọ ní iléèwé bí yóò ṣe sá sábẹ́ tábìlì bí oníbọn bá wọlé."

"Ọmọ ọdún mélòó?" ni ìyá àgbà bi í.

"Ọdún mẹ́fà."

"A'úsùbillàhi! Ìlú tó ń ju bọ́ǹbù káàkiri ayé ni kò lè ṣọ́ ilẹ̀kùn iléèwé?"

"Ìlú náà ni, Ìyá. Bí wọ́n bá sì ní kí n padà wá lọ́la, ẹ ò ní bá mi nílé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá dìde, ó lọ sí yàrá rẹ̀.

Nígbà tó gbọ́ nípa ìwọ́de wa, ó ní òun yóò bá mi lọ. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin gan-an la fẹ́ ṣe ìwọ́de lé lórí." Ó ní, "Ṣé mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi wá ni? Èmi ló yẹ kí n kígbe jù." Bó ṣe dúró láàrin èrò nìyẹn, ó mú omi inú ọ̀rá dání, ó ń kígbe bí àwọn yòókù.

Mo ka ìwé náà dé ibi tí a ti ní kí wọ́n dá àwọn tó ti dé padà sí Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì Suame pariwo pé, "Amẹ́ríkà ò ní gbà wọ́n! Kí wọ́n lọ sí ìlú wọn! Àwọn Nàìjíríà tó ti kún ìlú yìí tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Kó tó di pé mo gbé ojú sókè, wọ́n ti ń kọ ọ́ lórin: "Monkɔ mo kurom! Ẹ máa lọ sílùú yín!"

Mo ń retí kí inú bí mi. Kò bí mi. Mo ń retí ẹkún, kò wá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀: o rí apá náà, o mọ̀ pé tìrẹ ni, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo bá ń kàwé lọ. Ìparí rẹ̀ ni kí ẹni tó kà á sọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún. Mo sọ ọ́: Ràfíátù Àdùkẹ́ Ọládiípọ̀.

Orin náà dá. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Ei! Alatani ni!" Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí nìyẹn.

Kwabena já gbohùngbohùn gbà. "Ibí ni wọ́n bí i!" ó kígbe. "Ọmọ wa ni! Kì í ṣe irú wọn!"

Ire ló fi ṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́lù tó ń wò mí, n kò sì lè sọ pé irú rẹ̀ ni mí, n kò lè sọ pé n kì í ṣe irú rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìyá àgbà ti gbọ́.

"Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà," ó wí. "Mo kéré nígbà tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àjèjì máa lọ. Baba mi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà inú rẹ̀. Àwọn tó ń bá a jẹun ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀."

"Ìyá àgbà, Amẹ́ríkà la ń bá wí."

"Amẹ́ríkà gbọ́ bí?"

Kò gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan gba ìwé wa, ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ sí Àkrá. Bí a bá jèrè ohun kan, ìyẹn náà ni, àti pé àwọn ará ìlú tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà ti mọ̀ báyìí. Ohun tí a pàdánù kò ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí. Obìnrin tí a jọ ń lo ẹ̀rọ omi ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í dúró gbọ́ ìdáhùn mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Kwabena wá sí Sawaba. Ó tọrọ àforíjì, ó sì fi gbogbo ọkàn tọrọ rẹ̀. Ó ní ìwọ́de mìíràn ń bọ̀, àwọn oníròyìn yóò wà níbẹ̀. Kí Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́lù wá sọ tẹnu rẹ̀, kí gbogbo èèyàn rí ohun tí Amẹ́ríkà ṣe sí i.

"Bí wọ́n bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà ńkọ́?" ni ìyá àgbà wí. "Bí ìjọba ibí bá bínú, tí wọ́n gbé e sọdá ààlà? Kò níí jáde nínú ilé yìí."

Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́lù ní òun yóò lọ. Ó wá bi Kwabena léèrè ọ̀rọ̀ kan. "Bí ẹ bá borí, tí ìjọba kọ ọkọ̀ òfurufú tó ń bọ̀, níbo ni wọn yóò gbé àwọn inú rẹ̀ lọ?"

"Wọ́n á padà sí Amẹ́ríkà."

"Àbúrò, ọkọ̀ yẹn kì í padà pẹ̀lú èèyàn. Kí wọ́n tó dárúkọ Gánà fún wa, wọ́n ti dárúkọ àwọn ìlú tí n kò gbọ́ rí. Níbí, mo rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá mi. Bí ẹ bá ti borí ṣáájú kí n tó dé ńkọ́?"

Kwabena dìde, ó ní kí n ronú sí i.

Gbèsè ìdáhùn yẹn wà lọ́rùn mi. Mo mọ̀ pé ohun tí Amẹ́ríkà ń ṣe kò dára. Mo tún mọ̀ pé bí a bá dá a dúró níbí, ẹnì kan tó dà bíi Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́lù lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní gbálẹ̀ yàrá dè é. Méjèèjì wà nínú mi pọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí n mọ ohunkóhun lára.

Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́lù ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, èyí tí yóò wọ̀ lọ sí ìwọ́de náà. Ìyá àgbà ti fi kọ́kọ́rọ́ géètì sí ìdí aṣọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn méjèèjì ti ń retí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìwọ́de ṣáájú wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wí: ṣé kí n gba kọ́kọ́rọ́ náà fún un, tàbí kí n ní kó fi ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀?