Òpó Kẹta

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n gé òpó kẹta ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí à ń kọ́ ní Ring Road kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Èmi ni mo ṣírò ẹrù tí òpó irin kọ̀ọ̀kan máa rù.

Láàárọ̀, Alàgbà Akínlàjà, agbaṣẹ́ṣe wa, ní òpó kẹta ń dí ọ̀nà mọ́ lọ́rì, kí wọ́n gé e.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ló gbé àárín òrùlé dúró."

Wọ́n pòṣé. "Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí. Ṣebí òpó mọ́kànlá ló ṣì kù?"

Mo sáré lọ pe ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì wa ní Dugbe. Bí a ṣe ń wọlé padà, wọ́n ti gé òpó náà, irin tó la àárín òrùlé kọjá ń tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí òrùlé tó ya lulẹ̀ pẹ̀lú Músílíù tó ń kan páànù lórí rẹ̀. Òkú rẹ̀ la gbé jáde. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ó bá a nílẹ̀.

Alàgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìjì ló wó o. Ewé kan kò mì lọ́jọ́ náà.

Mo wo ojú wọn. Mo ní, "Òpó kan lẹ yọ, sà. Opó kan lẹ fi rọ́pò rẹ̀."