Ẹyin Tí Ìyàwó Wa Kò Jẹ́ Kí N Fọ́

Ìgbéraga mi ò kéré nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ní Adó, bí ọdún mẹ́rin kí òmìnira tó dé. Ohun tó tún wá bù kún un ni fèrè onígi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, èyí tí a ń gbé lé ikùn aboyún láti gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà Ọba, mo máa ń jẹ́ kó yọrí jáde nínú àpò mi kí gbogbo ayé lè rí i.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lóyún oṣù mẹ́ta nígbà náà. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú, nítorí náà kò tiẹ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á. Èmi alámọ̀tán bá ní kó dùbúlẹ̀, kí n gbọ́ ọmọ wa. Mo gbé fèrè sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì, n ò gbọ́ nǹkan kan àfi iyán ọ̀sán tó ń kùn nínú rẹ̀. Mo la ẹnu mi tó mú ju abẹ lọ, mo ní, "Kò sí nǹkan tó ń lù níbẹ̀ o."

Ó dìde, ó ró ìró rẹ̀. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kí tèmi bọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀, mo sáré tọ nọ́ọ̀sì àgbà wa lọ, ọmọ Ìgèdè kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀.

"Ta ló ní kí o gbé fèrè lé oyún oṣù mẹ́ta? Ó di bí oṣù márùn-ún kí etí tó gbọ́ ọ. Àmọ́ ọkàn ti ń lù kí oyún tó pé oṣù kan." Ó mú ọ̀pá rọ́bà kan. "Báyìí ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́. Á máa gùn ju àyè rẹ̀ lọ, á bá ká." Ó ká rọ́bà náà. "Lẹ́yìn náà ni ògiri á hù nínú rẹ̀, á di yàrá mẹ́rin. Kì í dúró kí ilé parí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Mo rò ó fún ìyàwó wa. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ló wí, bí ẹni tí a ń tàn. Inú bí mi sí ara mi. Adìẹ ìyá mi ti sàba fún ọjọ́ márùn-ún, mo bá mú ẹyin kan níbẹ̀, mo fẹ́ fọ́ ọ sínú abọ́ kó lè fojú ara rẹ̀ rí ọkàn tó ń lù. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má fọ́ ọ. Kí ló ṣe yín?"

A ti gbogbo ilẹ̀kùn, a gbé ẹyin náà sí ojú ihò kan tí oòrùn gbà wọlé lára fèrèsé. Òwú pupa ló tàn káàkiri inú rẹ̀ bí gbòǹgbò. Láàárín wọn ni ohun kan wà tí kò ju orí èèrà lọ, tó ń sọ kúlú kúlú. Ó wò ó títí ọwọ́ fi ń ro ó. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ dá a padà sábẹ́ adìẹ. Adìẹ ṣá a lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oyún pé oṣù márùn-ún ó lé díẹ̀, òun ló pè mí. Mo gbé fèrè sí i, mo gbọ́ ọ, ó ń yára bí ẹni tó ń sáré lọ síbì kan. Omi bọ́ lójú mi. Ó rí ojú mi.

"Ṣé kò lù ni?"

Mo mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo ń fi ìka lù ú ní àtẹ́lẹwọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ó pa ojú dé.

"Ọkọ mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dáwọ́ dúró."