Mọ́tò Àna Mi Tí Kì Í Gbóná

Àtẹ́lẹwọ́ mi ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Mo gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà bí ẹni tó kàn ń fara tì í, mo sì yára gbé e kúrò. Ó gbóná. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ò tíì mú rárá, bàbá tó ni mọ́tò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi tán ni pé òun ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ Ìsinmi tí òun ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló wá mú un gbóná? Àbí Ẹ̀mí Mímọ́ ni?

Bàbá náà kì í ṣe ẹni tí mo lè bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya ni. Gowon Estate ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun. Èmi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, mo sì háyà yàrá àti pálọ̀ kan ní Ìdímù. Mọ́tò eré ìje àtijọ́ ni mọ́tò wọn, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kó tó lè wọ inú rẹ̀. Láti kékeré ni irú rẹ̀ ti ń wù mí. Nígbà tí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ tà á, pé kàkà kó bọ́ sọ́wọ́ ará ìta, kí ọkọ ọmọ àwọn gbà á, inú mi dùn dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ìgbà tí mo jókòó ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Alímọ̀ṣọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Bí mo bá kọ̀ ọ́, wọ́n lè sọ pé mo rí àwọn fín, kí wọ́n gba ọmọ wọn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá rà á tó sì kú sí mi lọ́wọ́, ìbínú ni màá gbé wọlé ìyàwó. Ta ló sì ń yẹ ọjà àna rẹ̀ wò? Wọ́n á ní olè ni mo pe àwọn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n tí mo dá. Mo lọ bẹ mẹkáníìkì kan ní Ìdímù, mo yá a ní bùbá àti ṣòkòtò léèsì mi, mo ní kó bá mi lọ kí àna mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ju èmi gan-an lọ. Àfi èékánná rẹ̀ tí epo ẹ́ńjìnì ti wọ̀ tí ọṣẹ ò lè mú un kúrò. Mo rò ó pé kó máa ki ọwọ́ bọ àpò, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló ń kí àgbà tòun ti ọwọ́ nínú àpò? Ó wá káwọ́ sẹ́yìn bí ọlọ́pàá.

Bàbá ṣáná sí mọ́tò. Kíá, fáànù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹnu kan etí mi, ó ní bí ẹ́ńjìnì bá tutù bí wọ́n ṣe wí, fáànù ò gbọ́dọ̀ tíì ṣiṣẹ́, ó yẹ kó dúró títí á fi gbóná; ẹnì kan ti so ó mọ́ iná kọ́kọ́rọ́ tààrà kó má bàa sinmi láé. Mo wo abẹ́rẹ́ tó máa ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Ó sùn sílẹ̀, kò mira, bẹ́ẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti jó mi lọ́wọ́. Omi wà nílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Bàbá ní omi tí àwọn fi fọ̀ ọ́ ni, bẹ́ẹ̀ eruku ṣì wà lára rẹ̀.

“Mọ́tò yìí kì í gbóná, ọmọ mi. Kò gbóná rí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Bí wọ́n bá ní ó ń fò ni, bẹ́ẹ̀ ni sà náà ni màá wí. Wọ́n gbé máàtì tútù fún wa, mo sì ń wo ìgò náà tìfura tìfura, bíi pé òun náà mọ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi nasẹ̀ díẹ̀ ṣá.” Ó ká ara rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn, èmi jókòó síwájú, bàbá ń wà á, ó di ọ̀nà Command. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti dí pa. A dúró, a ò lọ, a ò bọ̀. Oòrùn ti wá mú. Bàbá na ọwọ́, wọ́n yí nǹkan kan, atẹ́gùn gbígbóná sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí wa lójú.

“Òtútù ń mú mi díẹ̀,” ni wọ́n wí.

Òtútù! Ní Command! Òógùn ń ṣàn lójú àwọn fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka gún mi lẹ́yìn ọrùn, kò sì ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ooru ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń fà wọ inú mọ́tò wá, kí ẹ́ńjìnì lè tutù díẹ̀. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kì í gbóná, níbo ló ti kọ́ ọgbọ́n yẹn? Inú bí mi. Kí á tó lọ síwájú díẹ̀, èéfín funfun ti bo gíláàsì.

A tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bàbá ṣí bùúùtù, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta ló tò síbẹ̀. Wọn ò wò mí lójú. Wọ́n mú àkísà, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìdérí rédíétọ̀.

“Bàbá! Ẹ má ṣí i! Á bó yín lójú!”

Ẹ̀gbọ́n mi ló pariwo, ó ti di ọwọ́ wọn mú. Ọwọ́ tó dúdú fún epo lórí ọwọ́ mímọ́ alàgbà. Bàbá wo èékánná rẹ̀ títí, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ pé bíríkìlà ni. Mo rí ọmọ wọn lọ́kàn mi bí ẹni tó ń bọ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo wo kẹ́ẹ̀gì yẹn, ó sú mi, jàre.

“Mẹkáníìkì ni, sà. Mi ò fọkàn tán yín ni mo ṣe mú un wá. Mi ò sì ní ra mọ́tò yìí. Ọmọ yín nìkan ni mo fẹ́.”

Wọ́n jókòó lé orí kẹ́ẹ̀gì kan pẹ̀lú léèsì tó wà lọ́rùn wọn.

“Láti ìgbà tó o ti ń wá sílé mi,” wọ́n wí, “bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà. Kò sóhun tí mo sọ tó o kọ̀ rí. Ara ń fu mí sí ẹ gan-an, mo ń sọ fún ọmọ mi pé kó ṣọ́ra fún ẹ. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ.”

Wọ́n fún mi ní ọmọ wọn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo máa ń rò ó pé èmi tí mo ń ṣọ́ wọn bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ èmi náà, àti pé wọ́n jàre mi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Gbogbo ọmọ wọn ń sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ń ríran dáadáa, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ bà wọ́n nínú jẹ́. Ni wọ́n bá pè mí wá sílé.

“Ìwọ ni mo fẹ́ bi. Ṣé mo ṣì lè máa wakọ̀?”

Ó ṣòro lẹ́nu mi ju ti ọjọ́ Command lọ. Mo ní, “Rárá, sà.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ó dun àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè aago tí màá máa wá gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.