Oko Tí Wọ́n Da Eérú Sí

Èmi ni mo sọ pé ibẹ̀ ni. Kò sí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ká ní mo ní sùúrù díẹ̀ ni, eérú ọkùnrin yẹn ìbá ṣì wà nínú ìkòkò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Decatur, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà níbí.

Màmá òyìnbó kan ni mò ń tọ́jú níbẹ̀. Láàárọ̀, màá wa mọ́tò láti Clarkston, màá wẹ̀ fún wọn, màá fún wọn lóògùn, màá se oats. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Màmá ni mò ń pè wọ́n. Àbúrò wọn ọkùnrin ló kú, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń nu eruku ara ìkòkò yẹn, mo ṣe bí ṣúgà ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí Màmá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, àkísà já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Má sá. Nígbà tó wà láàyè gan-an, kì í da ẹnikẹ́ni láàmú."

Kó tó kú, ó ní kí wọ́n da eérú òun sí oko tí wọ́n ti bí bàbá wọn àgbà ní Nọ́wè, ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ oko náà mọ́. Orúkọ ìdílé nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ Màmá lọ́kàn, torí àwọn náà ti dàgbà. Èmi tí mi ò parí sẹ́kọ́ńdírì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn wá a lórí fóònù.

Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá òyìnbó kan tó máa ń bá èèyàn wá ìdílé wọn ní Nọ́wè lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá náà ní òun á ní káwọn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ wo ìwé ìrìbọmi wọn àtijọ́, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n bí ọmọ sí. "Má tíì sọ nǹkan kan fún ìyá yẹn o."

Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo rí oko kan lórí máàpù, létí omi. Orúkọ ìdílé Màmá gẹ́lẹ́ ló ń jẹ́. Lójú tèmi, ó ti parí. Nílé wa, tí o bá ti gbọ́ orúkọ agboolé èèyàn, o ti mọ orísun rẹ̀. Ó lè lọ gbé Ìbàdàn, ó lè wá gbé Atlanta, ọmọ ilé bàbá rẹ̀ ṣì ni. Ta ló ń jẹ́ orúkọ ilé tó háyà?

Mo sọ fún Màmá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, omijé wọn ń kán sínú oats. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ẹgbẹ́ mi, gbé ìkòkò, ó wọ bàálù.

Ó pè mí lórí fídíò látinú oko náà. Ìkòkò òfìfo wà lábíyá rẹ̀, òjò ń rọ̀.

"Wọn ò bí bàbá àgbà Grandma síbí," ló sọ.

"Kí lo wí?"

Ó gbé fóònù fún ọkùnrin tó ni oko, ẹni tó jáde wá béèrè ohun tó ń dà sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní láyé àtijọ́, oko ló ń sọ àwọn lórúkọ. Ẹni tó bá wá gbé oko á máa jẹ́ orúkọ oko. Tó bá kó lọ sí òmíràn, á jẹ́ ti ibẹ̀.

"Alágbàṣe ni bàbá yẹn níbí. Bàbá bàbá mi ló gbà á síṣẹ́, ó sì gbé orúkọ wa lọ sí Amẹ́ríkà. Èmi náà ń jẹ́ ẹ, a ò sì bára wa tan rárá."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orúkọ ìdílé, bí ẹni bọ́ yunifọ́ọ̀mù wọ òmíràn!

"Ṣé a ò lè kó eérú náà padà?" Ìbéèrè òmùgọ̀. Ọmọ-ọmọ Màmá gba fóònù padà, ó wo koríko tútù yẹn, ó wò mí.

"Jọ̀ọ́, má sọ fún Grandma."

Nílé, Aunty tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn pariwo. "Wọ́n ní kó o wá máa wẹ̀ fún ìyá arúgbó, o sọ ara ẹ di detective! O lọ sin òkú olókùú sílẹ̀ onílẹ̀!"

"Aunty, mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

"Ràn wọ́n lọ́wọ́ kẹ̀?" Ohùn wọn wá rọ̀. "O máa sọ fún un. With your own mouth."

Bàbá òyìnbó yẹn pè mí lẹ́yìn náà. Wọ́n ti rí i: oko kékeré kan ní òdìkejì òkè ni wọ́n ti bí bàbá àgbà Màmá, orúkọ mìíràn ni oko náà ń jẹ́.

Àràárọ̀ ni Màmá ń ní kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Màá sọ ti omi, màá sọ ti koríko. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ní táwọn bá kú, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n da eérú àwọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò àwọn, nílé bàbá àwọn.

Orúkọ oko kejì wà lẹ́nu mi láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń fi ṣíbí bu oúnjẹ fún wọn. Gbèsè tí mo jẹ Màmá ni orúkọ yẹn. Mi ò tíì san án.